Ta Ló Ń Ran Òwú Sára Igi àti Ewé Yìí?

Àárọ̀ Sátidé kan ní ìparí oṣù kẹsàn-án ni ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń gbé ní Houston pè mí. Ohùn wọn kò balẹ̀. "Àbúrò, wá wo nǹkan o. Igi iwájú ilé mi ti wọṣọ." Kí n tó fèsì, fọ́tò ti wọlé sórí WhatsApp. Igi oak ńlá ni, irú èyí tí kì í wọ́wé tán lọ́dún, tó kún àdúgbò káàkiri ní Texas àti Florida. Láti ìdí rẹ̀ títí dé ibi tí ẹ̀ka ti yà, nǹkan funfun kan bò ó, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán nínú oòrùn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn di igi ní gbàjá.

Nílé, bí a bá rí aṣọ funfun lára ìrókò, a mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló so ó mọ́ ọn, a sì mọ ìdí tí wọ́n fi so ó. Èyí kò ní ọwọ́ èèyàn nínú. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹni tó ń bá wọn gé koríko ní àrùn ni, pé bí wọn kò bá tètè fín oògùn sí i, igi náà yóò gbẹ kó tó di Kérésìmesì, 300 dọ́là ni òun yóò sì gbà. Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀. Mo mú awò tí mo fi ń wo nǹkan kéékèèké, mo wọ mọ́tò.

Mo gbé awò sójú, mo sún mọ́ èèpo igi náà títí tó fi kù díẹ̀ kí imú mi kàn án. Ìlú ni mo bá lábẹ́ òwú yẹn. Kòkòrò pọ̀ níbẹ̀ bí omi. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju mílímítà 3 lọ, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì. Orí wọn tóbi ju ara lọ, iwájú orí náà yọ gọngọ, ojú méjì wú síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìwo méjì tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń mì níwájú wọn bí ọ̀pá afọ́jú. Èyí tó níyẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí kò ní wà níbẹ̀, àgbà ń rìn, ọmọ ń rìn. Mo fi ìka tú òwú náà díẹ̀, ihò tó tó orí ìṣáná kan sì ṣí. Gbogbo wọn fọ́n ká. Mo dúró, n kò mira. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ọ̀kan padà wá sí etí ihò. Ó fẹnu kan apá ọ̀tún, ó fẹnu kan apá òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Nígbà tí mo yí awò díẹ̀ kí oòrùn lè mú un, mo rí okùn kan láàárín apá méjèèjì, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Ẹnu ló fi ń dí ihò yẹn.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ̀rù nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni Archipsocus nomas. Ashley Gurney, onímọ̀ kòkòrò ọmọ Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ ní 1939. Nomas yìí, ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì ni. Ẹni tó ń da ẹran kiri tó ń wá koríko ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ohun tí àwa ń pè ní darandaran. Orúkọ náà bá a mu, torí agbo ni wọ́n máa ń wà, wọ́n sì ń jẹ koríko tiwọn lọ sókè igi. Yorùbá kò ní orúkọ kan fún un tí mo mọ̀. Nínú àlàyé yìí, arànwú ni n ó máa pè é, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ń ranwú lórí igi àti ewé, torí iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Orúkọ tí òyìnbó ń pè é ló ń kó ìpayà bá èèyàn. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, "iná èèpo igi" ni yóò jẹ́. Ta ló gbọ́ iná tí kò ní fọwọ́ họ orí? Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ arànwú. Kì í mu ẹ̀jẹ̀, kì í géèyàn jẹ, kì í wọ irun, kì í gbé ara ajá tàbí ológbò, kò sì ń kó àrùn ran ẹnikẹ́ni. Mo ki ọwọ́ mi lásán bọ abẹ́ òwú náà níwájú ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Méjì nínú àwọn kòkòrò náà gun ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n rìn yí i ká, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n ti wá.

Síbẹ̀, ẹni tó fún un ní orúkọ iná kò purọ́, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn. Fún ọdún púpọ̀, àwọn onímọ̀ ka iná orí àti iná adìyẹ sí ìdílé kan, wọ́n ka àwọn ti ara igi yìí sí ìdílé mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá ń fi ohun àjogúnbá inú ara kòkòrò wá ìbátan, ní bí ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, wọ́n rí i pé inú agbo ilé àwọn ti ara igi ni iná tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ti jáde. Èyí tó sún mọ́ iná jù lọ nínú wọn ni kòkòrò bíńtín kan tó pẹlẹbẹ, tó ń gbé inú ìwé àtijọ́ àti inú oúnjẹ gbígbẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ rò ni pé àwọn baba ńlá iná ń gbé inú ìtẹ́ ẹyẹ àti ihò ẹranko, tí wọ́n ń ṣa ìdọ̀tí àti èépá ara jẹ, títí tí àwọn kan fi fi ìtẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n lọ bá onílé lára. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan báyìí, Psocodea. Àwọn tó ń wá oúnjẹ fúnra wọn lórí igi, lórí ewé àti nínú ilé lé ní 5,000 oríṣi. Àwọn tó ń gbé ara ẹyẹ àti ẹranko náà tó bí 5,000. Arànwú kì í ṣe iná, àmọ́ bí iná bá fẹ́ pìtàn ìdílé rẹ̀, yóò dárúkọ ilé arànwú.

Ẹ̀yin náà ti rí ọ̀kan nínú ìbátan rẹ̀ rí. Ẹ ṣí ìwé àtijọ́ kan tó ti pẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, ẹ óò rí nǹkan kan tó ń sáré lórí tákàdá bí ìgbà tí eruku bá rìn fúnra rẹ̀. Ohun tó bu sára ìwé náà ló ń jẹ. Kò sí ohun tí oògùn fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ẹ sá ìwé sóòrùn, ẹ ṣí fèrèsé kí yàrá gbẹ, yóò lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí òwú. Gbogbo Yorùbá ló mọ sányán. Inú òwú tí kòkòrò kan ń ran sórí igi ni aṣọ sányán ti wá. Àwọn ọmọ labalábá alẹ́ kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ló máa ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń fi òwú kọ́ ilé ńlá kan ṣoṣo fún gbogbo ẹgbẹ́, tí àwọn èèyàn wa sì ń já ilé náà, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń ran án, kí wọ́n tó gbé e fún ahunṣọ. Ẹnu ni òwú sányán ti ń jáde, lábẹ́ ètè. Ti aláǹtakùn yàtọ̀: ìdí ló ti ń fa okùn tirẹ̀ jáde. Bí arànwú ṣe ń ṣe é sún mọ́ ti sányán ju ti aláǹtakùn lọ. Omi kan wà nínú àpò kan ní orí àti àyà rẹ̀, àpò tó jẹ́ ọmọ ìyá èyí tó ń pèsè itọ́. Omi yìí ń gba ètè ìsàlẹ̀ jáde, ó sì ń di okùn bó ṣe ń jáde. Ọ̀nà kan wà tí arànwú fi ju kòkòrò sányán lọ. Kòkòrò sányán kì í ranwú mọ́ bó bá ti di labalábá, ṣùgbọ́n arànwú ń ranwú lọ́mọdé, ó ń ranwú lágbà, tọkùnrin tobìnrin ló sì ń ṣe é. Bí igi odindi ṣe lè wọṣọ láàárín ọjọ́ mélòó kan nìyẹn: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni wọ́n ń fi òwú náà ṣe? Àwọn kan rò pé pańpẹ́ ni, bíi ti aláǹtakùn. Rárá. Òwú arànwú kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ pátipàti, kò sì sí eṣinṣin tó há sínú rẹ̀. Òrùlé ni. Òjò Houston kì í rọ̀ jẹ́jẹ́, ohun tí kò tó hóró ìrẹsì kò sì lè fẹsẹ̀ di èèpo igi mú kí àgbàrá má gbé e lọ. Oòrùn náà wà, ó lè fa omi ara rẹ̀ gbẹ ní wákàtí kan. Èèrà wà, aláǹtakùn wà, ẹyẹ wà. Lábẹ́ òrùlé yìí, afẹ́fẹ́ kì í tètè gbẹ, ọ̀tá kì í rí ọ̀nà wọlé kíákíá, bí nǹkan kan bá sì fọwọ́ kan òwú náà níbìkan, okùn á mì, gbogbo ìlú á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Arànwú àti àwọn ìbátan rẹ̀ lè mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ìrì ni mò ń sọ o, afẹ́fẹ́ gan-an. Lábẹ́ ahọ́n wọn, ibi kékeré méjì wà tí omi kan máa ń rin. Bí wọ́n bá yọ ibẹ̀ síta nígbà tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á so mọ́ ọn, wọ́n á sì gbé e mì. Iná ara ẹyẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó jogún rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí a fi ń rí òwú wọn jù lọ lẹ́yìn òjò, nígbà tí ooru àti ọ̀rinrin bá pàdé. Ìdí náà nìyí tí ìdílé Archipsocidae, tí darandaran wa yìí ti wá, fi jẹ́ ará ilẹ̀ olóoru: Áfíríkà, Éṣíà, àti gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n pọ̀ sí. Etí òkun tó wà ní ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti Texas dé Florida, ẹnu ààlà wọn ni.

Títí di ìsinsìnyí, èèpo igi ni mo ń sọ, torí ibẹ̀ ni òwú wọn ti ń dẹ́rù ba èèyàn. Àmọ́ lọ́kàn tèmi, àwọn tó ń gbé orí ewé ló yẹ kí a wò pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni mẹ́wàá lè kọjá lára wọn lójúmọ́ láìrí wọn.

Nílẹ̀ olóoru, ewé kì í ṣe ewé lásán. Ẹ mú ewé ọsàn kan tó ti pẹ́ lórí igi, ẹ yí i padà. Iṣan tó gba àárín rẹ̀ kọjá yọ sókè bí ògiri, àwọn iṣan kéékèèké ya lọ́tùn-ún lósì bí ọ̀nà ojúlé. Igun ibi tí iṣan kékeré ti pàdé iṣan ńlá ni arànwú ewé fẹ́ràn. Yóò fa okùn kan láti orí iṣan kan sí èkejì, yóò fa òmíràn tẹ̀ lé e, títí àjà yóò fi wà lórí igun yẹn. Ó fẹ́lẹ́ débi pé bí ẹ kò bá gbé ewé náà síhà ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ẹ kò ní rí i. Abẹ́ àjà yìí ni ó ń gbé, ibẹ̀ ló ń yé sí, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń jẹun ọjọ́ àkọ́kọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí rẹ̀ fẹ́ràn ewé tó ti gbẹ tó ṣì so kọ́ sára ẹ̀ka, torí ewé bẹ́ẹ̀ ká jọ bí ẹní, òrùlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tẹ́lẹ̀, okùn díẹ̀ ni wọn yóò fi dí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ní Ìbàdàn, mo lo odindi ọ̀sán kan lábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé bàbá mi. Mo yí ewé tó lé ní ogójì padà. Mẹ́fà nínú wọn ní àjà yìí. Lábẹ́ ọ̀kan, abo kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin rẹ̀ mẹ́jọ, ẹyin náà funfun bí omi àgbọn, ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ iṣan, ó sì ti fa okùn lọ fa okùn bọ̀ lórí wọn bí ẹni tó so ẹrù mọ́ orí mọ́tò. Bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń wá. Mo na awò sí wọn. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, "Ọdún méjìlélógójì ni mo ti gbin igi yìí."

Ọsàn àti arànwú ti mọra tipẹ́. Ní 1879 ni William Ashmead sọ ọ̀kan lórúkọ láti Florida, èyí tí à ń pè ní Pseudocaecilius citricola lónìí. Citricola túmọ̀ sí "ẹni tó ń gbé orí ọsàn." Kòkòrò kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni, ó sì wà káàkiri ilẹ̀ olóoru. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn lè rò pé ọ̀tá ọsàn ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ayálégbé lásán ni.

Kí ni wọ́n wá ń jẹ, bí wọn kò bá jẹ ewé? Ohun tó wà lórí ewé ni. Níbi tí òjò pọ̀, ewé tó ti pẹ́ máa ń ní ìpele tínrín kan lára, bí àwọ̀ ewé tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé lásìkò òjò. Ohun tó bu wà níbẹ̀, irúgbìn olú tí afẹ́fẹ́ gbé wá wà níbẹ̀, ìdọ̀tí wà níbẹ̀. Ẹ tún mọ nǹkan dúdú bí èédú tó máa ń bo ewé ọsàn àti ti máńgòrò? Ibi tí àwọn kòkòrò tó ń fa omi ewé bá ti su ìgbẹ́ olómi dídùn sí ni nǹkan dúdú yẹn ti ń hù, kì í jẹ́ kí oòrùn kan ewé dáadáa. Arànwú ń jẹ ẹ́. Ó ń ha ojú ewé, ó ń gbá a, láìfọwọ́ kan ewé fúnra rẹ̀.

Irinṣẹ́ tó fi ń ṣe é yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Nínú ẹnu rẹ̀, ọ̀pá méjì tín-ín-rín wà tí orí wọn la bí ìfọ́nná. Ó ń ti wọ́n mọ́ ojú ewé kí orí rẹ̀ má yẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ kó tó fa ẹ̀gẹ́, àgbọ̀n rẹ̀ yóò sì máa ha. Ohun tó bá ha yóò wọ inú ọ̀fun lọ, ibẹ̀ ló ti bá odó àti ọmọ odó pàdé. N kò fi ṣàpèjúwe lásán o. Odó àti ọmọ odó ni àwọn onímọ̀ kòkòrò fúnra wọn ń fi ṣe àkàwé rẹ̀. Kòtò líle kan wà nísàlẹ̀ ẹnu, ohun líle kan tó ṣe rogodo wà lókè, wọ́n sì ń gún irúgbìn olú títí yóò fi kúnná. Iwájú orí rẹ̀ tó yọ gọngọ, tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iṣan tó ń gbé ọmọ odó ló kún inú rẹ̀. Orúkọ gbogbo ẹbí wọn ní èdè Gíríìkì, ọ̀rọ̀ fífi eyín rin nǹkan lúbúlúbú ló wà nínú rẹ̀.

Ìgbésí ayé rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ inú ẹyin ní abẹ kékeré kan lórí, ó fi ń la èèpo ẹyin, bó bá sì ti jáde tán yóò bọ́ awọ náà tòun ti abẹ. Lẹ́yìn náà yóò máa bọ́ awọ bó ṣe ń dàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wọ́pọ̀. Kì í wọ inú èèpo kan sùn kó tó di àgbà bíi ti labalábá. Ọmọ jọ ìyá láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ìyẹ́ nìkan ni kò tíì ní. Nínú ẹbí Archipsocidae, akọ lè má níyẹ̀ẹ́ rárá tàbí kó ní kékeré tí kò lè gbé e fò. Àwọn abo tí ìyẹ́ wọn gùn ló ń fò lọ tẹ ìlú tuntun dó. Àwọn kan nínú ẹbí yìí kì í yé ẹyin, ọmọ gan-an ni wọ́n ń bí. Nínú àwọn ẹbí mìíràn, abo nìkan ló kù, wọ́n ń bímọ láìsí akọ, ìran kan tẹ̀ lé ìkejì.

Ọ̀tá wọn pọ̀. N ó dárúkọ ọ̀kan, torí n kò mọ ohun tó jọ ọ́ láyé yìí. Edward Mockford, onímọ̀ tó lo ayé rẹ̀ lórí àwọn kòkòrò yìí ní Illinois, tó sì kọ̀wé lórí àwọn arànwú Florida ní 1957, rí agbọ́n bíńtín kan tó ń yé sínú ẹyin ọ̀kan nínú ìbátan arànwú. Ó sọ ọ́ lórúkọ ní 1997: Dicopomorpha echmepterygis. Akọ agbọ́n yìí kò ní ojú, kò ní ìyẹ́, gígùn èyí tó kéré jù nínú àwọn tí wọ́n wọ̀n jẹ́ mílímítà 0.139. Bí ẹ bá to méje tó kéré bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, wọn kò ní pé mílímítà kan. Òun ni kòkòrò tó kéré jù lọ tí a tíì mọ̀. Ẹyin tí àwa kò lè fojú lásán rí dáadáa, odindi ilé ni fún un.

Báwo wá ni èèyàn ṣe lè mọ̀ pé arànwú ló wà lára igi òun, kì í ṣe ohun tó ń pa igi? Ewé ni kí ẹ wò, ẹ má wo òwú. Bí òwú bá di ewé orí ẹ̀ka pọ̀ bí àpò, tí ewé inú rẹ̀ sì ti di ajẹkù, ọmọ labalábá ni. Bí okùn bá wà lábẹ́ ewé, àmọ́ tí ojú ewé náà ti ní tó-tò-tó funfun tàbí ìyeyè bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ fi awò wá kòkòrò pupa tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ: ó ń fa omi ewé, ọ̀tá ni, ó wọ́pọ̀ lórí tòmátì. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun funfun ló dì jọ sí orígun ewé, tí kò ṣe é fà bí okùn, ìyẹn náà ń mu omi igi. Amọ̀ lára igi, ikán ni, ìyẹn kò fara sin. Ti arànwú, òwú rẹ̀ lẹ̀ típẹ́típẹ́ mọ́ èèpo igi tàbí igun iṣan ewé, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a: ewé tútù, èèpo líle, kò sí ihò, kò sí àpá eyín.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bo ọ̀rọ̀: ẹ má fín in. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní Texas àti Florida ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé kò sí ìtọ́jú kankan tí igi náà nílò. Ẹni tó bá fín oògùn sí arànwú, aláǹtakùn ló ń pa pẹ̀lú, oyin ló ń pa, agbọ́n tó ń bá a ṣọ́ ọgbà rẹ̀ ló ń pa, owó rẹ̀ sì ti lọ. Bí òwú náà kò bá wu yín lójú, ẹ fi omi rọ́bà fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀, òjò àti afẹ́fẹ́ yóò fà á ya láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Igi tó ń ṣàìsàn lè ní arànwú lára, bí igi tó lè kokoko náà ṣe lè ní in. Lápá kan igi ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀ka méjì ti gbẹ nítòótọ́, ohun tí ẹni tó ń gé koríko sì nawọ́ sí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fi ojú tọ ẹ̀ka yẹn sísàlẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ti da kọnkéré ọ̀nà mọ́tò tuntun ní ọdún méjì ṣáájú. Wọ́n gé gbòǹgbò kí ilẹ̀ lè tẹ́jú, wọ́n sì dí ìyókù pa. Kòkòrò tó ń ha ìdọ̀tí lójú èèpo kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò san 300 dọ́là náà. Ní àárín oṣù kọkànlá, òjò ńlá kan rọ̀, atẹ́gùn tutù tẹ̀ lé e, wọ́n sì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. "Àbúrò, aṣọ igi ti ya o." Nígbà tí mo débẹ̀, ìwọ̀nba ló kù lábẹ́ ẹ̀ka, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ìyàwó wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ wọn tó kéré jù, tí wọ́n ti ní kó má sún mọ́ igi yẹn, jókòó lórí àpótí nídìí rẹ̀, ewé gbígbẹ kan ní ọwọ́ òsì, awò mi ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní kí n dákẹ́, pé ọ̀kan ń jáde bọ̀.